Owó Ẹyọ Nínú Ìwé Àwọn Ará Ṣáínà

Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà, owó wà lára kẹ̀kẹ́ ìwé kíkọ pẹ̀lú. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ wo àmì yìí: 貝.

Bèi ni wọ́n ń pè é. Àmì orí e yẹn jọ àmì ohùn ìsàlẹ̀ tiwa, àmọ́ kì í ṣe òun o. Ohùn tiwọn yìí bẹ̀rẹ̀ lókè, ó sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà téèyàn bá ń pàṣẹ fún ọmọdé. Ní Kọ́ríà, pae ni. Ní Vietnam, bối. Àwọn ará Jàpáánù ń pè é ní bai, èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Ṣáínà, wọ́n sì tún ń pè é ní kai, ọ̀rọ̀ abínibí tiwọn. Ìkarahun ni ìtumọ̀ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n tá a bá tọ ìdí rẹ̀ lọ, ẹyọ ni, ẹyọ tí àwọn baba wa fi ń ná ọjà.

Ní 1899, ọ̀mọ̀wé kan tó jẹ́ ìjòyè ní Beijing, Wang Yirong, ṣàkíyèsí pé ìkọ̀wé ayé àtijọ́ ló wà lára àwọn eegun kan. Eegun màlúù ni, pẹ̀lú ìgbá ahun. Ohun táwọn ọba Shang fi ń dá nǹkan wò ni, ní ohun tó lé ní 3,000 ọdún sẹ́yìn: wọ́n á fi iná kàn án, wọ́n á wo bó ṣe sán, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ náà sí i lára. Lórí eegun wọ̀nyẹn, 貝 kò tíì le gbagidi báyìí. Àwòrán ẹyọ tó la ẹnu ni. Nígbà tó yá ni wọ́n fi ẹsẹ̀ méjì sí i nísàlẹ̀.

Ànyáng, níbi tí wọ́n ti hú àwọn eegun náà, jìnnà sí òkun, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹyọ níyì. Nígbà tí wọ́n ṣí ibojì Fu Hao, ìyàwó Ọba Wu Ding, ní 1976, ẹyọ tí wọ́n bá níbẹ̀ lé ní 6,800. Ọba a máa fi ẹyọ ta ìjòyè lọ́rẹ, wọ́n á sì kọ ọ́ sára ìkòkò idẹ. Péng (朋) ni wọ́n fi ń kà á. Àwòrán ẹyọ tí wọ́n sín sórí okùn méjì ni péng. Òun náà ló wà nínú péngyou, ìyẹn ọ̀rẹ́, lónìí.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ tí bèi bí. Ó wà nínú ọrọ̀ (財, cái), ó wà nínú ọ̀wọ́n (貴, guì). Àwọ̀n tí wọ́n da bo ẹyọ ló di "rà": 買, mǎi. Fi "jáde" lé e lórí, ó di "tà": 賣, mài. Ohùn nìkan ló ya rírà kúrò lára títà! Ẹni tó bá ń sọ pé àmì ohùn kò pọn dandan, kó gba ibẹ̀ lọ sọ́jà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni 貧. "Pín" ló wà lókè, ẹyọ wà nísàlẹ̀. Owó tí wọ́n pín títí tó fi tán: òṣì nìyẹn. Báwo ni wọ́n ṣe ń pè é? Pín! Ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni o. P wọn kì í ṣe p tiwa, èdè méjèèjì kò sì bára tan.

Àmọ́ ẹyọ fúnra rẹ̀ so wá pọ̀. Ní Yunnan, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà, wọ́n ń ná ẹyọ títí di nǹkan bí 1600 sí 1700. Erékùṣù Maldives, nínú Òkun Índíà, ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Ibẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú tiwa ti wá, tí ọkọ̀ òyìnbó ń kó o bọ̀. Ogójì lórí okùn kan, àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan: 20,000.

Àwa náà sì fi ẹyọ sọ̀rọ̀. Nínú àrokò, ẹyọ mẹ́fà ni ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ ni ẹ̀jọ: èrò wa jọra. Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú 狽, orúkọ ẹranko kan. Ajá wà lápá òsì láti fi hàn pé ẹranko ni. Bèi wà lápá ọ̀tún nítorí ohùn rẹ̀ nìkan, kò sí owó kankan níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwọn baba wa ò mọ̀ pé nǹkan lè dúró fún ohùn, irọ́ ló ń pa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwọn wà lára eegun, tiwa wà lórí okùn. Tí wọ́n bá ti tú okùn, ọ̀rọ̀ ti lọ.

Ní 1956, ìjọba Ṣáínà gé ọ̀pọ̀ àmì kúrú kí ìwé kíkà lè rọrùn. 貝 di 贝: ìlà méje di mẹ́rin. Nínú rírà àti títà, wọ́n yọ ẹyọ pátápátá: 买, 卖. Ní Taiwan àti Hong Kong, ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Kò sẹ́ni tó ṣòfin fún wa. Inú ònkà la kó ẹyọ tiwa pa mọ́ sí, àwa fúnra wa la sì ń yọ ọ́. "Tú táósàn" la máa ń sọ dípò ẹgbàá, títí kan àwa tá à ń kọ́ Yorùbá. Táa bá bi mẹ́wàá nínú wa pé kí ni ọ̀kẹ́ kan, mélòó ló máa dáhùn láìwo ojú ẹnìkejì? Ẹyọ tó wà lára eegun ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn 3,000 ọdún. Ẹnu wa nìkan ni tiwa wà. Bí ẹnu bá sì dákẹ́, kò sí eegun tá a fẹ́ hú.