Ta Ló Dọ́gba Pẹ̀lú Ta Lẹ́nu Bodè?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1898, ọkùnrin méjì tọwọ́ bọ ìwé kan ní ìlú Paris. Edmund Monson ló ṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Gabriel Hanotaux ló ṣojú Faransé. Ọ̀rọ̀ ààlà ló pọ̀ jù nínú ìwé náà. Ààlà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fà lẹ́bàá òkun lọ́dún 1889, tó fi Kétu sọ́wọ́ Faransé, tó sì fi Èkó sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n wá fà gùn dé adágún Chad. Ibẹ̀ ni ìtàn tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé sábà máa ń dúró sí.

Àmọ́ abala kẹsàn-án ìwé yẹn ni àwa fẹ́ kà lónìí. Ohun tó sọ, ní ṣókí, nìyí: nínú agbègbè tí wọ́n fàmì sí lórí àwòrán ilẹ̀, fún ọgbọ̀n ọdún gbáko, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Faransé, àwọn tó wà lábẹ́ ààbò wọn, àti ọjà wọn, yóò máa rí ìlò kan náà nínú òwò, nínú ìrìnnà ojú odò, nínú owó ẹnubodè àti owó orí gbogbo. Ìyẹn ni pé bí aṣọ Manchester bá san iye kan ní Èkó, aṣọ tó ti Faransé wá kò gbọdọ̀ san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bákan náà ni yóò rí ní Kùtọ̀nú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1899, ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó dùn létí, àbí? Ìdọ́gba! Ṣùgbọ́n kí a tó pàtẹ́wọ́, ẹ jẹ́ ká wo ohun tó wà lẹ́nu bodè kí ìwé yìí tó dé.

Láyé àtijọ́, ìlú Yorùbá kò ní banki, kò sì ní epo rọ̀bì. Bodè ni àpò owó wọn. Oníbodè á jókòó sẹ́nu odi ìlú, ẹni tó bá gbé ẹrù kọjá á sanwó ẹyọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù rẹ̀ ṣe tó. Oníbodè á mú tirẹ̀ níbẹ̀, ìyókù á lọ sọ́dọ̀ ọba tàbí ìjòyè tó ni bodè. Ìlú tó bá wà nítòsí omi ló jẹ èrè jù, torí ọwọ́ wọn ni ọjà òyìnbó kọ́kọ́ ń dé. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá wà láàárín Èkó àti àwọn tó kù. Wọn kì í kàn án gbowó nìkan o, wọ́n tún lè ní kí àlejò má kọjá rárá, kó ta ọjà rẹ̀ fún àwọn níbẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà wà lókè lọ́hùn-ún. Kí ọ̀pá aṣọ kan tó ti Èkó dé Iléṣà, ó ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníbodè, gbogbo owó tí wọ́n gbà sì ti wọ inú iye tí ẹni tó máa rà á á san. Nígbà tí Ìbàdàn wá ṣẹ́gun Iléṣà lọ́dún 1870, tó sì fi ajẹ́lẹ̀ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà di ẹrù lórí ẹrù.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lọ́dún 1872, ìjọba Glover ní Èkó la ọ̀nà Oǹdó: ọkọ̀ ojú omi á gba inú ọ̀sà lọ sí ìlà oòrùn, ẹrù á wá gba Oǹdó bọ́ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, láìfojú kan bodè Ìjẹ̀bú tàbí ti Ẹ̀gbá. Ọ̀nà yìí náà ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó gbà fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé nígbà ogun Kírìjì.

Ogun Kírìjì fúnra rẹ̀, ẹ wo ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1877, Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn rán èèyàn lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, Ẹ̀gbá kọlù wọ́n lójú ọ̀nà. Ìbàdàn gbógun lọ bá Ẹ̀gbá, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà pa, nígbà tó sì di 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rí àyè láti yọ ọrùn kúrò nínú àjàgà Ìbàdàn. Ògèdèǹgbé Iléṣà ló kó ọmọ ogun wọn síwájú. Wọn kò tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà títí di ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun kò sì túká kúrò ní bùdó pátápátá títí di 1893. Òmìnira ni wọ́n ń jà fún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ta ló lè kọjá lójú ọ̀nà ló kọ́kọ́ dá iná sílẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì náà fẹ́ kí ọ̀nà ṣí, torí ọjà tirẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1892, àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú gbà ní Èkó pé wọn ò ní gba owó bodè mọ́, kí ìjọba Èkó máa fún wọn ní pọ́n-ùn 500 lọ́dọọdún dípò rẹ̀. Oṣù márùn-ún kò pé tí ìjà fi bẹ́ sílẹ̀. Ní Ìmàgbọn, nínú oṣù karùn-ún, ìbọn arọ̀jò-ọta fọ́ ogun Ìjẹ̀bú. Lọ́dún 1893, Ẹ̀gbá tọwọ́ bọ̀wé, Ọ̀yọ́ tọwọ́ bọ̀wé, Ìbàdàn náà tọwọ́ bọ̀wé. Ọ̀nà ṣí.

Bodè wá tán? Rárá o. Ó kó lọ sí etíkun ni. Owó ẹnubodè tí wọ́n ń gbà ní èbúté Èkó, pàápàá lórí ọtí líle, ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbọ́ bùkátà. Ẹni tó bá ra ọjà náà ní Iléṣà ń san án láìrí oníbodè sójú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé oníbodè àtijọ́ ní ọba tí a mọ ààfin rẹ̀. Èyí tuntun, Paris àti London ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀.

Ibí ni abala kẹsàn-án ti wọlé. Lórí ìwé, ọmọ Ìjẹ̀ṣà wà nínú ìdọ́gba náà, torí ó wà "lábẹ́ ààbò". Ìyá oníṣòwò ní Kétu náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ta ló ní ọkọ̀ òkun? Ta ló ní ilé iṣẹ́ aṣọ? Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo lọ́dún 1907, ẹrù àtòkè òkun lè wọ ọkọ̀ ní Èkó kó sì sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilé iṣẹ́ Faransé bíi CFAO àti SCOA ń tajà ní Nàìjíríà lẹ́gbẹ̀ẹ́ John Holt ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Òṣómàáàló wa ń gba aṣọ, wọ́n ń rù ú kiri abúlé, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń lóṣòó dè gbèsè. Òwò yẹn sọ ọ̀pọ̀ nínú wọn di olówó, a kò ní fi dù wọ́n. Síbẹ̀, kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n bi léèrè pé èló ni kí owó ẹnubodè jẹ́.

Àwa tí à ń kọ kóòdù mọ irú èyí dáadáa: òfin kan náà lè ṣiṣẹ́ lórí ẹni méjì láìṣe ojúsàájú, kí èsì rẹ̀ sì jìnnà síra, torí ohun tí kálukú gbé wọlé kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ayé tiwa. Lọ́dún 1975, ní Èkó, wọ́n dá ECOWAS sílẹ̀. Ní 1979 wọ́n fẹnu kò pé ohun oko tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tó ti inú orílẹ̀-èdè ẹgbẹ́ wá kò gbọdọ̀ san owó ẹnubodè. Ní 1990, ọjà ilé iṣẹ́ dara pọ̀ mọ́ wọn, bó bá ti ní ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 2019, Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tọwọ́ bọ ìwé òwò ọ̀fẹ́ gbogbo Áfíríkà ní Niamey, ọjọ́ kan náà ni. Kí oṣù kẹjọ tó parí, Nàìjíríà ti ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa mọ́ ọjà, nítorí ìrẹsì tí wọ́n ń fà wọlé láti òkè òkun gba Kùtọ̀nú. Oṣù kejìlá ọdún 2020 ló tó ṣí.

Ìjọba ní ìdí tirẹ̀: ìrẹsì Thailand kì í ṣe ìrẹsì Bẹ̀nẹ̀, òfin ECOWAS kò sì dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì kò yan ọjà. Ẹni tó gbé ìrẹsì àti ẹni tó gbé àdìrẹ, ìta kan náà ni wọ́n jọ dúró sí. Ìdọ́gba nìyẹn náà, bó bá jẹ́ pé ìdọ́gba là ń wá.

Ohun kan wà tó yẹ ká dì mú. Lábẹ́ òfin 1979 yẹn, àdìrẹ tí wọ́n fi ọwọ́ pa láró ní Òṣogbo kò yẹ kó san owó ẹnubodè bó bá ń lọ sí Kùtọ̀nú, kò tilẹ̀ nílò ìwé ẹ̀rí orísun ọjà. Àǹfààní tí wọn kò fún Òṣómàáàló rí nìyẹn. Mélòó nínú àwọn aláró wa ló mọ̀? Oníbodè tó bá rí i pé o kò mọ òfin, òun ló máa sọ iye fún ọ. Ẹ sọ ọ́ nílé, ẹ sọ ọ́ lọ́jà.