Àtè Lára Dùrù

Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹjọ́ ló bí i.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ábẹ́òkúta, dùrù oníná kan wà tí ẹgbẹ́ akọrin dáwó rà. Tòkunbọ̀ ni. Nígbà tó dé, ara rẹ̀ dúdú, ó sì ń rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bí awọ ọmọ tuntun. Kò ju ọdún mẹ́ta lọ tí ara ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì, ìka á lẹ̀ mọ́ ọn. Eruku á dì mọ́ ọn. Ìwé orin tí wọ́n bá gbé lé e, yíya ni wọ́n ń ya á kúrò. Àwọn àgbà ní ẹnì kan ti da míníráàlì sí i. Ta ló sì máa ń jókòó nídìí ẹ̀? Àbúrò mi. Wọ́n ní kó san owó àtúnṣe. Ọmọ náà búra títí, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó san owó, àmọ́ láti ọjọ́ náà, kò bá wọn tẹ dùrù mọ́.

Ká má purọ́, èmi pàápàá rò pé ó jẹ̀bi ni. Ìgbà tí mo wá ka ìtàn rọ́bà ni ojú tì mí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látinú igbó tiwa. Igi kan wà tí à ń pè ní ìrẹ́. Tí a bá fi àdá ṣá èèpo rẹ̀, oje funfun á máa ṣàn bíi wàrà. Ní 1894, nígbà tí Carter ń ṣe gómìnà l'Ékòó, wọ́n kó àwọn tó mọ iṣẹ́ oje láti Gold Coast (Gánà òde òní) wá wo igbó ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì rí ìrẹ́ níbẹ̀. Ni ìyẹn bá di òwò. Ní 1895, rọ́bà tó gba Èkó lọ sókè òkun ju mílíọ̀nù 5 pọ́ùn lọ ní ìwọ̀n. Ní 1896, ó ju mílíọ̀nù 6 lọ. Dunlop ti ṣe táyà afẹ́fẹ́ ní 1888, gbogbo ayé sì ń gun kẹ̀kẹ́. Àmọ́ ojú kòkòrò wọ ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ṣá igi náà láìfún un ní ìsinmi, títí ó fi ń gbẹ dànù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin máa fi gba Abẹ́òkúta dé Ìbàdàn ní 1901, òwò rọ́bà ìrẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán.

Oje igi báyìí ní ìwà kan tí àwọn bàbá wa ti mọ̀ tipẹ́: ó máa ń lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi oje ṣe àtè tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ. Òyìnbó ò tètè mọ̀. Ní Amẹ́ríkà láàárín 1830 sí 1840, wọ́n fi rọ́bà tútù ṣe bàtà àti aṣọ òjò. Ọ̀gìnnìtìn dé, ó le bíi pákó. Ooru dé, ó yọ́, ó ń lẹ̀, ó ń rùn. Àwọn oníbàárà kó o padà, ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sì jẹ gbèsè. Charles Goodyear ló rí ọgbọ́n ẹ̀ ní 1839: ó po rọ́bà mọ́ imí ọjọ́, ó sì fi iná sí i. Láti ìgbà náà, rọ́bà kò yọ́ mọ́. Ọkùnrin náà gba ìwé ẹ̀tọ́ ní 1844, síbẹ̀ inú gbèsè ló kú sí ní 1860.

Ẹ̀yin á ní kí ló kan dùrù nínú gbogbo èyí? Ẹ ní sùúrù.

Ní 1937, Otto Bayer àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Jámánì ṣe ohun tuntun kan, wọ́n ń pè é ní polyurethane. Kì í ṣe oje igi, kẹ́míkà ni wọ́n fi ṣe é. Bí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ṣe ń parí lọ, àwọn ilé iṣẹ́ wá ń fín irú ẹ̀ sára ike bí ọ̀dà: lára tọ́ọ̀ṣì, kámẹ́rà, rédíò, bọ́tìnnì inú mọ́tò, àti ẹ̀rọ orin. Ó máa ń jẹ́ kí ike olówó pọ́ọ́kú rọ̀ lọ́wọ́ bíi nǹkan olówó ńlá.

Níbi tí ọ̀tá ti wọlé nìyí. Nǹkan yìí dà bí okùn gígùn tí wọ́n so kọ́ra. Omi inú afẹ́fẹ́ á máa já okùn náà díẹ̀díẹ̀. Ooru á máa ràn án lọ́wọ́. Òógùn ọwọ́ á dá kún un. Tí okùn bá ti já wẹ́wẹ́, ohun tó kù kì í ṣe awọ mọ́, àtè ni. Kódà kéèyàn má fọwọ́ kàn án, kó wé e sínú ọ̀rá, á ṣì lẹ̀. Ẹ wá wo Abẹ́òkúta tiwa: òjò láti oṣù kẹrin, ọ̀rinrin lára ògiri, oòrùn tó ń ta lórí páànù. Tòkunbọ̀ náà sì ti lo ọdún tiẹ̀ lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Àìsàn kan náà ló mú téèpù orin. Láti bí 1970 lọ, wọ́n fi irú polyurethane kan lẹ ìyẹ̀fun mọ́ ara àwọn téèpù kan. Omi inú afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, téèpù ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Àwọn olùtọ́jú ohùn ní láti fi í sínú ooru bí ìwọ̀n 50 fún wákàtí púpọ̀ kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Ẹ sì wò ó o: Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, kọ orin Yorùbá sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Àwo ayé ìgbà náà, ohun tí kòkòrò ń ṣe sára igi ní Íńdíà ni wọ́n fi ṣe é. Ó lè fọ́, àmọ́ kì í di àtè. A ṣì ń gbọ́ ohùn bàbá náà.

Nígbà tí mo ka gbogbo èyí tán, mo lọ bá Bàbá Ẹgbẹ́ Akọrin nílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n ní, "Ìwé lo kà, míníráàlì ni mo rí." Mo ní, "Ẹ má bínú sà, ṣé tọ́ọ̀ṣì dúdú tẹ́ ẹ máa ń gbé wá sí ìṣọ́ òru wà nílé?" Wọ́n ní kí wọ́n mú un wá látinú dùráwà. Tọ́ọ̀ṣì náà lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́. Mi ò bi wọ́n ní ìbéèrè míì.

Lọ́jọ́ Sátidé, a yọ wáyà dùrù kúrò lára iná. A fi sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísìtì rin aṣọ díẹ̀, a ò dà á sórí ẹ̀, a sì yẹra fún ibi tí wọ́n kọ nǹkan sí. À ń nù ún, àtè dúdú ń bọ́, ike tó mọ́ ń yọjú lábẹ́. Ẹ má fi bẹntiróòlù tàbí tínà ṣe é o, wọ́n á jẹ ike. Pàúdà tí àwọn kan ń fi sí i, ìtànjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni.

Owó àbúrò mi kò tíì padà. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ti padà sídìí dùrù, Bàbá sì pè é lórúkọ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, wọ́n ní kó má bínú. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Èmi náà wà lára àwọn tó dá a. Ẹ̀yin tí kámẹ́rà tàbí ẹ̀rọ orin yín bá ń lẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ má tíì mú rúùmùméètì yín o. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.