Eré Àsápajúdé: Ìtàn Aago Inú Kọ̀ǹpútà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún tó kọjá nínú ṣọ́ọ̀bù màmá mi ní Ogbómọ̀ṣọ́, níbi tí wọ́n ti ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n fi ń jáde ní yunifásítì. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan ló gbé ṣọ́ọ̀bù náà dúró. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ó ń lọ́ra jù, wọ́n bá sún aago inú rẹ̀ kọjá ibi tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi í sí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni gbogbo wa fi ń yọ̀ pé kọ̀ǹpútà ń sáré. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fẹ́ lọ gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn olùkọ́ ní ọjọ́ kejì kọ̀, kò ṣí mọ́. Màmá mi jókòó mọ́jú, wọ́n tún un tẹ̀ láti inú ìwé àfọwọ́kọ, wọn kò sì gba kọ́bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ìtàn eré àsápajúdé yìí.

Nínú gbogbo kọ̀ǹpútà ni aago kan wà tí kì í sọ àkókò fún ènìyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lu ìlù fún prọ́sẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Bí aago bá lù lẹ́ẹ̀kan, ọpọlọ á gbé ẹsẹ̀ kan. Iná gbọ́dọ̀ ti la àwọn ọ̀nà tóóró inú prọ́sẹ́sọ̀ já, kí ìdáhùn sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ìlù tó kàn tó dún. Bí ìlù bá yá jù, ìdáhùn tí kò tíì pé ni kọ̀ǹpútà yóò gbé lọ. Nígbà mìíràn, á kú lójú ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, kò ní kú. Irọ́ ni yóò máa pa.

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àlejò àná ní ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ ìkànìyàn 1963 ló kọ́kọ́ gbé e wọ Nàìjíríà, ọdún kan náà ni ilé iṣẹ́ IBM sì ṣí ibùdó ẹ̀kọ́ sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ̀rọ ńlá ni nígbà náà, kì í ṣe ohun tí ọmọ ilé kan lè tú wò. Ọdún 1981 ni IBM gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Aago rẹ̀ ń lù ní 4.77 MHz, ìyẹn ni pé ó ń lù ju mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀ ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Kò pẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi ṣe irú rẹ̀ tó yá jù ú lọ, wọ́n sì fi bọ́tìnnì kan síwájú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Turbo. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìwúlò bọ́tìnnì náà gan-an ni láti dín eré kù, nítorí pé àwọn géèmù tí wọ́n ṣe fún aago tó lọ́ra á sáré débi pé ọwọ́ ènìyàn kò ní bá wọn mọ́.

Ní àwọn ọdún 1990, ìjìbìtì wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn oníṣòwò kan ń pa nọ́ńbà ara prọ́sẹ́sọ̀ rẹ́, wọ́n ń kọ nọ́ńbà eré tó ju tirẹ̀ lọ sí i, wọ́n sì ń tà á lówó ńlá. Èyí wà lára ohun tó mú kí ilé iṣẹ́ Intel ti ìlẹ̀kùn tí àwọn ènìyàn ń gbà yí eré padà. Àmọ́ fèrèsé ṣì wà. Ní 1998, Intel gbé prọ́sẹ́sọ̀ olówó pọ́ọ́kú kan jáde, Celeron 300A. Aago ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 66 MHz, prọ́sẹ́sọ̀ náà á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀, ìyẹn 300. Àwọn ọ̀dọ́ gbé aago ìpìlẹ̀ lọ sí 100, ó di 450, ó sì ń bá àwọn tí owó wọn ga gan-an figagbága. Ní nǹkan bí ọdún 2000, àwọn mìíràn fi pẹ́ńsù lásán so ọ̀nà iná tó já lórí prọ́sẹ́sọ̀ AMD, kí wọ́n lè yí eré rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, àwọn ilé iṣẹ́ rí i pé ọjà wà níbẹ̀. Intel bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tó ní lẹ́tà K lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, tí ẹni tó rà á lè sún bó ṣe fẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Core i5-2500K ti ọdún 2011, ló wà nínú kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa.

Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn tó ń sáré nìkan kọ́ nìyí. Lójú tèmi, ìtàn àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò ṣe pàtàkì jù ú lọ. Ní 1994, Thomas Nicely, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣirò ní Amẹ́ríkà, rí i pé prọ́sẹ́sọ̀ Pentium ń ṣe àṣìṣe bí ó bá ń pín àwọn nọ́ńbà kan. Kọ̀ǹpútà náà kò kú, kò sì pariwo. Intel yọ mílíọ̀nù 475 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí pípààrọ̀ wọn. Àbùkù inú ilé iṣẹ́ ni èyí, kì í ṣe eré àsápajúdé, ṣùgbọ́n ó kọ́ ayé pé kọ̀ǹpútà lè ṣì ṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ní 1996, George Woltman kó àwọn ènìyàn jọ káàkiri ayé láti fi kọ̀ǹpútà ilé wọn wá àwọn nọ́ńbà ńláńlá tí kò ṣe é pín bí kò ṣe fún 1 àti ara wọn. Àṣìṣe kan ṣoṣo lè ba iṣẹ́ ọjọ́ gbọọrọ jẹ́, nítorí náà ètò rẹ̀, Prime95, ní àyẹ̀wò líle: kọ̀ǹpútà á ṣe ìṣirò tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ó sì fi wé. Àwọn tó ń sún aago ṣì ń lò ó títí dòní.

Kọ̀ǹpútà tiwa ní ìtàn tirẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́ ní 1990, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílò ibi tí wọn yóò ti tẹ iṣẹ́ wọn, tòkunbọ̀ sì ni agbára ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ká. Ìròyìn tí ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé jáde ní 2005 sọ pé nǹkan bí 500 kọ̀ńténà ẹ̀rọ àlòkù ń wọ Èkó lóṣooṣù, àti pé ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú wọn kò wúlò mọ́. Èyí tó ṣì wúlò ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn lọ́dún púpọ̀, kò sì sí ìwé tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí.

Báwo ni a ṣe rí àìsàn tiwa? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n mi dá gbogbo ètò padà sí bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́, 3.3 GHz. A yá UPS lọ́wọ́ aládùúgbò, nítorí bí iná bá lọ láàárín àyẹ̀wò, a kò ní mọ̀ bóyá kọ̀ǹpútà ló kú fúnra rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ mọ́jú láìsí àṣìṣe. Lẹ́yìn náà, a tú u. Eruku ọyẹ́ ti dí irin tó ń gba ooru kúrò lára prọ́sẹ́sọ̀, ọ̀dà tó wà láàárín àwọn méjèèjì sì ti gbẹ. A gbọn eruku, a fi ọ̀dà tuntun sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wá ń fi 0.1 GHz kún eré rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a ń dán an wò, mo sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Òfin wa ni pé a kò gbọdọ̀ yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà, kí a lè mọ èyí tó ṣe é.

Ní 4.2, àṣìṣe jáde. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóltéèjì díẹ̀ kún un, àṣìṣe lọ. Ṣùgbọ́n fóltéèjì ní gbèsè tirẹ̀: bí a bá fi ìdá 10 nínú 100 kún un, ooru á fi nǹkan bí ìdá 21 pọ̀ sí i. Ó yege ní òru, inú wa dùn. Ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ kejì, tí oòrùn oṣù kẹta ń ta sórí páànù ṣọ́ọ̀bù, ó kú láàárín ìṣẹ́jú méjìlá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Òru ni ẹ̀gbọ́n mi ti ń dán an wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ni màmá mi sì ń fi í ṣiṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi í sí 4.0, ó máa gbé e.”

Màmá mi bi wọ́n pé, “Ṣé o lè fi iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ búra?”

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Wọ́n dá a padà sí 3.3.

Ẹ má ṣe rò pé ọmọ ilé nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní 2024, Intel fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn kan nínú prọ́sẹ́sọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rẹ̀ ń béèrè fóltéèjì tó ga ju bó ti yẹ lọ, tó sì ń bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó gbé àtúnṣe jáde, ó sì fi ọdún méjì kún àkókò tí oníbàárà lè fi dá èyí tó bàjẹ́ padà.

Bàbá bàbá mi ní Ọ̀yọ́ ń ṣe ìlù. Nígbà tí mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí ènìyàn bá fa ọsán gángan jù, ohùn rẹ̀ á ròkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìnáwó ni awọ rẹ̀ máa ń ya.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wádìí ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí a mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sún un, kó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe é, kó sì dán an wò ní wákàtí tó le jù. Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù wa ṣì ń lọ́ra díẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tíì ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́.