Obìnrin oníṣòwò, kẹ́ ẹ tó lọ yáwó, ẹ ka èyí ná

Àbúrò mi obìnrin kan ń ránṣọ l'Ágége. Ó lọ yá owó gbọ́múléláńtà láti fi ra maṣíìnì oníná. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbowó, nígbà tó fi máa di Ìṣẹ́gun kejì, wọ́n ti dé ṣọ́ọ̀bù pé kó san ti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Maṣíìnì ò tíì rán bùbá kan! Nígbà tó yá, àwọn obìnrin tí wọ́n jọ wà nínú gúrúpù ló wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, torí bí ẹnì kan ò bá san, gbogbo wọn ló máa dá a san.

Ìjọba Èkó dá LSETF sílẹ̀ lọ́dún 2016, nígbà Gómìnà Ambode, wọ́n ní bílíọ̀nù 25 náírà làwọn máa ná sí i láàárín ọdún mẹ́rin. Ọ́fíìsì wọn wà ní Billings Way, Oregun, n'Íkẹjà. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, oníṣòwò kékeré lè yá tó 500,000 náírà, èyí tó tóbi jù ú lọ lè yá tó mílíọ̀nù 5. Èlé rẹ̀ nígbà náà, 5% lọ́dún. Ẹ gbọ́ mi yé o: lọ́dún, kì í ṣe lóṣù. Wọ́n tún bá Access Bank ṣe W-Initiative, tó jẹ́ ti àwọn obìnrin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń já ni ìwé. Wọ́n máa béèrè BVN, nọ́ńbà LASRRA, onídùúró àti ìwé owó orí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún yín lójoojúmọ́ lọ́jà kì í ṣe ìwé owó orí, ẹ má tàn ara yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí kẹ́ ẹ tó nílò owó, kì í ṣe lọ́jọ́ tí oníléèyáàlé bá tì yín mọ́ta.

TraderMoni ti ìjọba àpapọ̀ ńkọ́? 10,000 náírà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2018. Lónìí, kò lè ra àpò fúláwà kan fún ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì.

Ní ti ẹ̀kọ́, Goldman Sachs bẹ̀rẹ̀ 10,000 Women lọ́dún 2008, EDC ti Pan-Atlantic University ló sì kọ́ àwọn ará Nàìjíríà nígbà náà. Ẹ̀kọ́ náà ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, lọ́fẹ̀ẹ́. Dátà yín nìkan lẹ máa ná. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kó béèrè ilé ẹ̀kọ́ WAPA tó sún mọ́ ọn. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi àjọ sílẹ̀ o, torí àjọ kì í gba èlé.

Àbúrò mi san gbèsè náà tán. Fíríìjì rẹ̀ ló tà.