Ọwọ́ Àwọn Ààrẹ Lára Àwòrán

Ọwọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò lára àwòrán àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà. Ojú a máa tan ni jẹ: nígbà tí Gilbert Stuart kun àwòrán George Washington lọ́dún 1796, eyín àtọwọ́dá ti kún ẹnu ààrẹ náà, ètè rẹ̀ wá le gbagidi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nà síta bíi tẹni tó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀, tòsì sì di idà inú àkọ̀ mú. Òpó ńláńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, òṣùmàrè yọ lójú ọ̀run. Bí wọ́n ṣe ń ya ọba ilẹ̀ Yúróòpù gan-an nìyẹn, adé nìkan ni kò sí níbẹ̀. Sẹ́nétọ̀ olówó kan, William Bingham, ló ní kí wọ́n yà á, kóun fi ta Lansdowne lọ́rẹ, ẹni tó ti ṣe olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí.

Ẹ̀dà àwòrán náà kan wọ White House lọ́dún 1800. Nígbà táwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀ wá dáná sun ilé náà lọ́dún 1814, àwọn tó wà nínú ilé fọ́ férémù àwòrán yìí, wọ́n sì gbé e sá lọ. Dolley Madison, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, ni wọ́n gbé ògo rẹ̀ fún. Òun ló pàṣẹ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Paul Jennings, tó jẹ́ ẹrú nínú ilé náà, padà kọ ọ́ sínú ìwé pé òṣìṣẹ́ ilé kan, ọmọ Faransé, àti olùtọ́jú ọgbà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Jennings ni mo gbà gbọ́.

Kí n má tàn yín, ọ̀pọ̀ àwòrán tó tẹ̀ lé e kò ju bàbá onírùngbọ̀n nínú kóòtù dúdú lọ.

Ìjà wá dé láyé Theodore Roosevelt. Ayàwòrán Chartran yà á lọ́dún 1902, àwọn ará ilé rẹ̀ ní ó jọ ológbò tó ń ké. Roosevelt gbé e pamọ́ síbi tó ṣókùnkùn, nígbà tó yá ó ní kí wọ́n bà á jẹ́. Lọ́dún 1903, ayàwòrán mìíràn, Sargent, ń tẹ̀ lé e kiri ilé, ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Wọ́n ní orí àtẹ̀gùn ni ààrẹ ti fi ìbínú gbá orí òpó àtẹ̀gùn náà mú. Sargent ní kó má mira mọ́.

Ti Kennedy, tí Aaron Shikler parí lọ́dún 1970 lẹ́yìn ikú ààrẹ náà, káwọ́ gbera, ó dorí kodò.

Ẹ wá wo ti Obama, ọdún 2018. Kehinde Wiley, ìbejì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbé e jókòó sáàárín ewé àti òdòdó Chicago, Hawaii àti Kẹ́ńyà, apá rẹ̀ méjèèjì sinmi lórí orúnkún. Kò sí idà, kò sí òpó. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Obama fi ṣàwàdà pé òun bẹ ayàwòrán náà pé kó dín ewú òun kù, kó sì jẹ́ kí etí òun kéré díẹ̀. Wiley kò gbà.