Bọ́lájókòó Olúsanyà: Ìwádìí Lórí Etí, Ẹ̀jẹ̀ àti Ọpọlọ Ọmọ Tuntun

Bọ́lájókòó Olúsanyà jẹ́ dókítà àwọn ọmọdé ní ìlú Èkó. Ó ti pẹ́ tó ti ń wádìí ohun tó ń ba etí àti ọpọlọ ọmọ jẹ́ láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó délé ayé, òun ló sì dá Centre for Healthy Start Initiative sílẹ̀. Ìbéèrè tó ń lé kiri kì í sábà jáde lẹ́nu àwọn tó ń ka ikú ọmọdé: ọmọ tí ikú kò pa, irú ayé wo ló ń gbé?

Ní 2018, òun àti àwọn olùwádìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé èsì ìṣirò kan jáde nínú The Lancet Global Health. Ní 2016, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí wárápá, àìgbọ́ràn, àìríran, ọpọlọ tí kò jí pépé, autism tàbí ADHD ń bá fínra tó mílíọ̀nù 52.9 lágbàáyé. Iye wọn ní 1990 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà, bẹ́ẹ̀ ikú ọmọdé ti dín kù gan-an láàárín ìgbà náà. Nínú 100 wọn, bí 95 ló ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí owó kò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Etí ni Olúsanyà kọ́kọ́ gbájú mọ́. Àìgbọ́ràn kì í dun ọmọ, kì í mú ara rẹ̀ gbóná, àwọn òbí lè má fura títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì láìsọ̀rọ̀, nígbà tí àkókò tó rọrùn jù fún ọpọlọ láti gba èdè sára ti ń kọjá lọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń ki bọ etí ọmọ bó ti ń sùn: yóò dún díẹ̀, yóò sì gbọ́ ìró tí inú etí lọ́hùn-ún bá dá padà. Ilé ìwòsàn tí wọ́n bí ọmọ sí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n ní Èkó, ọ̀pọ̀ aboyún ń bímọ sílé agbẹ̀bí, sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sínú yàrá ara wọn. Olúsanyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé ẹ̀rọ náà lọ síbi tí wọ́n ti ń gba abẹ́rẹ́ BCG, nítorí pé àwọn tí kò bímọ sílé ìwòsàn náà ń gbé ọmọ wọn débẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni lójú mi.

Nínú iṣẹ́ yìí ni ibà pọ́njú ti yọjú gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ohun tó ń sọ ọmọ di adití.

Ojú ọ̀pọ̀ ìkókó ló ń pọ́n díẹ̀, tí yóò sì mọ́ fúnra rẹ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ bá ń fọ́, ohun kan tí ń jẹ́ bilirubin ń ti inú rẹ̀ jáde, ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò sì tíì lágbára láti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Bó bá pọ̀ jù, yóò wọ ọpọlọ, yóò sì ba ibi tó ń darí ìrìn ara àti ìgbọ́ràn jẹ́. Ọmọ lè yè é kí ọrùn rẹ̀ má dúró, kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ máa lọ́, kí etí rẹ̀ sì di, bẹ́ẹ̀ òye rẹ̀ lè pé pérépéré nínú ara tí kò gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà, pàápàá ọkùnrin, ló jogún àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Fún irú wọn, káńfọ̀ tí ìyá jù sáàárín aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ lò tó láti fọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ìmọ́lẹ̀ ni ìtọ́jú ibà pọ́njú. Ní 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Jean Ward, tó máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé jáde sí oòrùn, fi ọ̀kan nínú wọn han àwọn dókítà: ara rẹ̀ ti mọ́, àfi ibi tí aṣọ bò ló ṣì pọ́n. Láti ibẹ̀ ni dókítà Richard Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe àtùpà ìtọ́jú, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ nínú The Lancet ní 1958. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ń sọ bilirubin di ohun tí ara lè yọ dànù.

Àtùpà nílò iná, iná kò sì dúró ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá wa ti ń tẹ́ ìkókó sí oòrùn àárọ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n oòrùn gan-an lè jó awọ ọmọ, ó sì lè mú ara rẹ̀ gbóná jù. Olúsanyà àti àwọn olùwádìí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Tina Slusher àti Hendrik Vreman, wá fi ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé ṣe ìbòrí tó ń sẹ́ ìtànṣán tó léwu kúrò, tí ìmọ́lẹ̀ búlúù sì ń gbabẹ̀ kọjá. Ní Island Maternity, Èkó, wọ́n pín ọmọ 447 sí ọ̀nà méjì láìṣàyàn. Nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, oòrùn sísẹ́ ṣiṣẹ́ ní 93, àtùpà ní 90, kò sì sí ọmọ kankan tí ewu mú kí wọ́n yọ kúrò nínú ìtọ́jú. Èsì náà jáde nínú The New England Journal of Medicine ní 2015. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún dán an wò ní Ògbómọ̀ṣọ́ fún àwọn tí ibà náà wọ̀ lára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Oòrùn kì í ràn lóru ṣá, ọmọ tí bilirubin rẹ̀ bá sì ti ga gidigidi, pàṣípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló kù fún un. Nítorí náà ni Olúsanyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún fi yẹ̀ ẹ́ wò, nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2017, bóyá ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ lè tètè dá ibà pọ́njú mọ̀, nípa fífi awọ ara ọmọ wé pátákó kékeré kan tó ní àwọ̀ méjì, kí òun àti ọmọ tó kúrò nílé ìwòsàn.