Àjẹìwẹ̀yìn Ààrẹ Látòósà

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀kánjúwà oúnjẹ ni òwe yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ olórí ló wà nínú rẹ̀. Ọmọdé tó gbé igbá wá síwájú àgbà ń retí ìṣẹ́kù. Àgbà tó bá lá igbá mọ́ féfé kò gbọdọ̀ bínú bí kò bá rí ọmọ tí yóò gbé e padà. Ọwọ́ àwọn tó ń bá olórí rù ú ni agbára olórí wà.

Ẹni tó bá mọ Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn yóò mọ Òkè Ààrẹ tí kò jìnnà síbẹ̀. Oyè Ọbadókè Látòósà, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ni òkè náà ń jẹ́. Ọdún 1871 ló di olórí Ìbàdàn. Akíkanjú ni, ẹni tó bá pè é ní ojo purọ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ga tó òun.

Ní 1874, ó kọjú ìjà sí Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ẹ̀sùn mẹ́ta tí wọ́n kà sí obìnrin náà lẹ́sẹ̀ sílẹ̀: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí i lójú ogun, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ lẹ́yìn odi nígbà tó ń bọ̀. Ẹ tún ẹ̀sùn kẹta yẹn wò. Kí ló kan ìlú níbẹ̀? Ẹni tó ń fún àwọn ológun ní ìbọn àti ẹ̀tù láwìn ni wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún. Nígbà tí oṣù Kẹfà yóò fi parí, wọ́n ti ti àwọn ẹrú rẹ̀ láti pa á lóru. Ìyápọ̀, Ṣẹ́ríkí, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, náà fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ̀mí ara rẹ̀ ní 1877 nígbà tí Ààrẹ lé e há.

Ọdún yẹn gan-an ni ogun ńlá tí a ń pè ní Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ti ọ̀nà Èkó pa, iyọ̀ àti ẹ̀tù sì di ọ̀wọ́n. Ní 1878, Fábùnmi, ọmọ Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn níbẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá dìde. Ògèdèǹgbé, tó ti kọ́ ogun lábẹ́ Ìbàdàn rí, di olórí ogun wọn, àwọn ọmọ wọn ní Èkó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́. Ìbàdàn wá ń wá ẹni tí yóò ta ẹ̀tù láwìn, ẹni náà sì ti wà nínú ilẹ̀. N kò sọ pé Ẹfúnṣetán ì bá dá ṣẹ́gun o. Ọ̀nà tó dí kò mojú ọlọ́rọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ 1885, Látòósà kú sí bùdó Kírìjì. Níbòmíràn, ogun ì bá tú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oyè Ìbàdàn kì í ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ; à ń gùn ún ní ìpele ìpele ni, ẹni tó kàn sì ti mọ ara rẹ̀. Balógun Àjàyí Ọ̀ṣúngbẹ̀kún gba ìdarí, bùdó dúró. Wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ 1893 ni wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Ètò oyè ni kò jẹ́ kí Ìbàdàn fọ́n ká. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, ní tiwọn, ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ètò tó lè dá ìyẹn padà.

Ní Agodi, ibùjókòó ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìlú kan náà, a rí èyí tó yàtọ̀ sí ti Látòósà. Stephen Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ló gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ìjọba Awólọ́wọ̀ ní 1952. Oṣù Kìíní 1955 ló bẹ̀rẹ̀. Awókòyà fipò sílẹ̀ ní 1956, Awólọ́wọ̀ náà kúrò ní 1959. Ilé ẹ̀kọ́ kankan kò tìtorí ìyẹn tì. Iṣẹ́ náà ti wà nínú fáìlì, lọ́wọ́ Simeon Adébọ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ ohun tó kàn.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin olórí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ̀yin ìyálọ́jà: ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kejì síkàáwọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí akápò máa ka owó sétí ìpàdé, kí ẹ má sì lé ẹni tó bá ta kò yín jáde.